Bí a ṣe ń dá ilé ìkàwé àdúgbò sílẹ̀ ní Oǹdó, kí ìwé lè máa jáde kó sì máa padà wálé

Ilé ìkàwé kékeré kò ṣòro dá sílẹ̀. Kó ṣì máa ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ọdún kan ni iṣẹ́ wà. Ní Oǹdó àti Àkúrẹ́ yìí, mo ti rí yàrá tí wọ́n kùn lọ́dà tuntun, tí wọ́n to ìwé kún, tí wọ́n pe àwọn olóyè wá ṣí, àmọ́ kí ọdún tó yí po, yálà ìwé ti tán lórí pẹpẹ tí ẹnikẹ́ni ò mọ ẹni tó kó wọn lọ, tàbí kí ìwé pé pérépéré, kí eruku ọyẹ́ bò ó, kí kọ́kọ́rọ́ sì wà lẹ́nu kọ́bọ́ọ̀dù. Ọ̀rọ̀ ìwé yíyá ló ń fa méjèèjì. Ibẹ̀ ni mo máa pẹ́ sí jù.

Yàrá àti pẹpẹ

Yàrá kan tí kò jò, tó ní fèrèsé méjì tó dojú kọra wọn, ti tó. Ṣọ́ọ̀bù àtijọ́, yàrá ìpàdé ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti mọ́sáláṣí, gbogbo rẹ̀ ló dára, bí ọmọdé bá ṣáà ti lè dé ibẹ̀ láìsọdá títì ńlá. Ẹ má fi pẹpẹ ti ògiri. Ẹ fi àlàfo tí ọwọ́ lè gbà sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè gba ẹ̀yìn rẹ̀, torí ara ògiri tó bá rin lásìkò òjò ni ìwé ti ń hu èbu. Ẹ gbé ẹsẹ̀ pẹpẹ kọ̀ọ̀kan sínú agolo mílíìkì, kí ẹ da ògbólógbòó ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí i. Àwọn mẹkáníìkì máa fún yín lọ́fẹ̀ẹ́, ikán kì í sì í fẹ́ gba inú rẹ̀ kọjá.

Káfíńtà máa fẹ́ kan kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì fún yín. Ẹ má gbà. Ìwé tí ọmọ ò lè nawọ́ mú fúnra rẹ̀, kò ní kà á. Pẹpẹ gbangba tí kò ga ju àyà ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ lẹ nílò, owó rẹ̀ sì kéré.

Ìwé tí ẹ ó gbà

Ẹ kéde lẹ́ẹ̀kan péré pé ẹ ń wá ìwé, ìwé á dé. Ìwé kọ̀ǹpútà tí ayé ti gbàgbé, ìwé òfin ìlú òyìnbó, ìwé ìdánwò tí ìlànà rẹ̀ ti yí padà, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n máa dì sínú àpò ìrẹsì wá bá yín. Ẹ gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ẹ dúpẹ́, ṣùgbọ́n lójú ẹsẹ̀ ni kí ẹ ti sọ fún ẹni tó mú un wá pé èyí tí kò bá wúlò fún àwọn òǹkàwé wa, a óò fi ta ẹlòmíràn lọ́rẹ. Bí ẹ ò bá sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, ìtìjú ò ní jẹ́ kí ẹ lè sọ ọ́ mọ́, ìwé náà á sì jókòó ti pẹpẹ yín. Èmi kì í gbé ìwé tó ti já ojú ewé sórí pẹpẹ rárá. Ọmọ tó bá ka ìtàn dé ìdajì tí kò rí ìparí rẹ̀ kì í fẹ́ padà wá.

Ìwé Yorùbá ni kí ẹ fi owó rà, nítorí òun ni àwọn èèyàn kì í sábà fi tọrẹ. Òkè-Igbó níbí ni wọ́n ti bí D. O. Fágúnwà, kò yẹ kí ọmọ Oǹdó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gbúròó rẹ̀ ní yunifásítì. Ẹ ra ẹ̀dà méjì-méjì.

Ohunkóhun tó bá sì jẹ mọ́ ìlú, ẹ má dà á nù, ìbáà ya. Ìwé ètò ìsìnkú, ìwé ìrántí ilé ẹ̀kọ́ bíi ti Ondo Boys' High School tó ti wà láti 1919, ìwé ètò ọdún Ekímọ̀gún, àwòrán àtijọ́ tó ní orúkọ lẹ́yìn. Nínú ìwé ìsìnkú ìyá àgbà kan, ẹ lè rí oríkì ìdílé, àdúgbò tí wọ́n bí i sí, àti orúkọ àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ, tí ẹ ò ní rí níbòmíràn. Ẹ kó wọn sínú páálí tó ní ìdérí, fáìlì kan fún ìdílé tàbí ẹgbẹ́ kan. Orí ìjókòó ni wọ́n ti ń ka àwọn yìí; wọn kì í jáde.

Nọ́ńbà

Ẹ ra ìwé àkọsílẹ̀ ẹlẹ́yìn líle kan. Ẹ fa ìlà márùn-ún sí i: nọ́ńbà, ọjọ́ tí ìwé dé, orúkọ ìwé, orúkọ òǹkọ̀wé, ẹni tó fún wa. Ìwé àkọ́kọ́ ni 1, èyí tó tẹ̀ lé e ni 2, ẹ máa bá a lọ bẹ́ẹ̀, ẹ má sì lo nọ́ńbà kan lẹ́ẹ̀mejì láé, kódà bí ìwé tó ni ín bá sọnù. Ẹ kọ nọ́ńbà náà sínú ìwé níbi mẹ́ta: ẹ̀yìn èèpo iwájú, ojú ewé tí orúkọ ìwé wà, àti ojú ewé 17. Ẹni tó bá fẹ́ sọ ìwé yín di tirẹ̀ máa ya ojú ewé iwájú dànù, kò ní rántí wo ojú ewé 17. Ibẹ̀ náà ni kí ẹ lu òǹtẹ̀ sí. Bí ẹ ò bá tíì lówó òǹtẹ̀, ẹ fi báírò kọ orúkọ ilé ìkàwé síbẹ̀.

Fún títò, ìlànà tí Melvil Dewey gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1876 náà la ṣì ń lò. Ọ̀nà mẹ́wàá ló pín ìmọ̀ sí, láti 000 dé 900. Èyí tí mo ti rí tí àwọn èèyàn fi ń bá ara wọn jẹ́ ni pé wọ́n á jókòó ti ìwé, wọ́n á máa wá nọ́ńbà gígùn gbọọrọ fún un títí ìtara á fi tán. Nọ́ńbà mẹ́ta iwájú tó fún ìwé yín: 510 fún ìṣirò, 600 fún iṣẹ́ ọwọ́ àti ẹ̀rọ. Àwọn tí mo máa ń kọ gígùn kò pọ̀: 398.2 fún àlọ́, 398.9 fún òwe, 496.333 fún èdè Yorùbá, 896.333 fún ìtàn, eré àti ewì tí wọ́n kọ ní Yorùbá, 966.9 fún ìtàn Nàìjíríà, àti 633.74 fún kòkó, torí Oǹdó la wà.

Àwọn ọmọdé ò nílò nọ́ńbà. Ẹ lẹ téèpù àwọn oníná mọ́ ẹ̀yìn ìwé wọn: pupa fún ìtàn, àwọ̀ ewé fún ẹranko àti igi, yẹ́lò fún ìwé Yorùbá. Ọ̀dà èékánná náà ń ṣe é, ó sì máa ń pẹ́. Sẹ́lótéèpù ni kí ẹ má jẹ́ kó débi ìwé. Bó bá pẹ́, á pọ́n, á gbẹ, á sì fa bébà ya.

Ìwé yíyá: ibi tí wọ́n ti ń bà á jẹ́

Ìwé àkọsílẹ̀ gígùn kan ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ yá ìwé, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀. Òmíràn yá, wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ìwé bá padà, wọ́n á máa ṣí ojú ewé kiri láti wá ìlà tí wọ́n kọ ọ́ sí kí wọ́n lè fagi lé e. Láìpẹ́, wọn ò ní wá a mọ́. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n á lọ ká ìyá kan mọ́ ìsọ̀ rẹ̀ pé ọmọ rẹ̀ jẹ àwọn ní ìwé, bẹ́ẹ̀ ọmọ ti dá a padà tipẹ́. Ìyá náà ò ní jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ dé ibẹ̀ mọ́, á sì ro ẹjọ́ fún gbogbo àwọn tí wọ́n jọ ń tajà.

Káàdì kan fún ìwé kan ni kí ẹ lò. Fáìlì páálí kan, irú èyí tí wọ́n ń lò ní ọ́fíìsì, máa fún yín ní káàdì tó lé ní mẹ́wàá. Ẹ kọ nọ́ńbà ìwé àti orúkọ ìwé sókè káàdì. Ẹ gé ápólòpù sí méjì, kí ẹ lẹ ìdajì rẹ̀ mọ́ inú èèpo ẹ̀yìn ìwé kó di àpò, kí ẹ sì ti káàdì bọ̀ ọ́. Gọ́ọ̀mù funfun àwọn káfíńtà ni kí ẹ fi lẹ̀ ẹ́. Ẹ̀kọ tàbí sitáàṣì kò náni lówó lóòótọ́, ṣùgbọ́n oúnjẹ aáyán ni, ìwé ni wọ́n á sì jẹ mọ́ ọn.

Nígbà tí ọmọ bá mú ìwé wá, ẹ yọ káàdì inú rẹ̀, kí ẹ kọ orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ tí yóò dá a padà sí i. Ọjọ́ 14 ni mo máa ń fún wọn. Ẹ kọ ọjọ́ yẹn kan náà sí pélébé bébà, kí ẹ fi sínú ìwé. Ìwé bá ọmọ lọ, káàdì dúró sínú páálí bàtà lórí tábìlì yín, tí ẹ ti fi páálí pín sí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Láàárọ̀, ẹ ṣí páálí, ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ pé ló máa wà níwájú. Kò sí ojú ewé tí ẹ fẹ́ máa ṣí kiri.

Ìdápadà ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù. Àárọ̀ Sátidé, àwọn ọmọ ti pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, oníkálukú na ìwé sókè, ẹni tó ń ràn yín lọ́wọ́ á wá sọ pé, "Gbé e kalẹ̀ síbẹ̀, màá wá káàdì rẹ̀ tó bá yá." Gbólóhùn yẹn ló ń pa ilé ìkàwé. Ìwé á ti padà sórí pẹpẹ láìsí káàdì nínú rẹ̀, ọmọ mìíràn á gbé e, kò ní sí ibi tí wọ́n máa kọ orúkọ rẹ̀ sí, ọmọ àkọ́kọ́ á sì di ajigbèsè láìmọwọ́mẹsẹ̀. Nítorí náà, ìdápadà ṣáájú, yíyá tẹ̀ lé e. Ẹ má da méjèèjì pọ̀. Ọmọ ò gbọdọ̀ kúrò níwájú tábìlì títí ẹ ó fi rí káàdì, tí ẹ ó fagi lé orúkọ rẹ̀ lójú ara rẹ̀, tí ẹ ó sì ti káàdì padà sínú àpò. Ẹ jẹ́ kó rí i. Bó bá délé, á lè sọ fún ìyá rẹ̀ pé wọ́n ti fagi lé orúkọ òun.

Kí ọmọ tó yá ìwé àkọ́kọ́, òbí rẹ̀ gbọ́dọ̀ wá fọwọ́ sí i tàbí kó tẹ̀ka. Níbẹ̀, ẹ má kàn bèèrè nọ́ńbà ilé nìkan. Ọ̀pọ̀ ilé ò ní nọ́ńbà, èèyàn sì ń kó kúrò nílé. Ẹ bèèrè ibi tí ìyá ti ń tajà. Lórí káàdì ọmọ kan, "Tọ́pẹ́, ìyá rẹ̀ ń ta gààrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹlẹ́ran" wúlò ju orúkọ òpópónà lọ.

Ọjọ́ yẹn náà ni kí ẹ sọ ọ̀rọ̀ owó jáde lẹ́nu. Ọ̀pọ̀ òbí ni kì í jẹ́ kí ọmọ gbé ìwé wálé, torí wọ́n ń bẹ̀rù gbèsè. Ẹ sọ fún wọn pé kò sí owó ìtanràn. Nínú ilé ìkàwé tí mo bá ní ọwọ́ nínú rẹ̀, a kì í gba kọ́bọ̀. Ọmọ tó bá jẹ yín ní igba náírà á sá, ìwé á bá a sá, àbúrò rẹ̀ náà ò ní yọjú. Bí ìwé bá sọnù, kí wọ́n wá wí. Bí wọ́n bá ní ìwé mìíràn tí wọ́n lè fi dípò, a dúpẹ́. Bí wọn ò bá ní, a gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à á máa ríran: ẹni tí ìwé méjì bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò lè gba ẹ̀kẹta, ọmọ ta ni ì báà jẹ́, kódà bó jẹ́ ọmọ baálé àdúgbò.

Bí ọjọ́ bá ti kọjá, ẹ má ka orúkọ ọmọ nínú ìkéde ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ má sì rán ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ sí i. Ẹ lọ sí ìsọ̀ ìyá rẹ̀ ní ọ̀sán tí ọjà bá dá. Ẹ kí i, ẹ bèèrè ará ilé, ẹ ra nǹkan díẹ̀ bí ẹ bá rí i rà, kí ẹ tó wá dárúkọ ìwé. Kì í pẹ́ tí ìwé fi ń dé lẹ́yìn irú ìbẹ̀wò bẹ́ẹ̀.

Nǹkan méjì péré ló kù lórí ìwé yíyá. Ẹ má jẹ́ kí ìwé jáde láìwà nínú ọ̀rá, torí òjò Oǹdó kì í kéde. Ọ̀rá ńlá tí wọ́n fi ń di píọ̀ wọ́tà dára jù. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a gbẹ, kí ẹ kó o jọ. Èkejì, àwọn kan máa ní kí ẹ fi fóònù ṣe àkọsílẹ̀ yìí. Ẹ lè dà á kọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n káàdì ni kí ẹ gbára lé. Fóònù á bá ẹni tó ni ín lọ sí Èkó lọ́jọ́ tí ẹ bá nílò rẹ̀ jù.

Sátidé àti ìrọ̀lẹ́

Ètò àwọn ọmọdé rọrùn. Agogo mẹ́wàá àárọ̀, àlọ́ kan láti ṣílé, ìwé kan tí ẹ ó kà sókè tí ẹ ó máa fi àwòrán rẹ̀ hàn wọ́n, lẹ́yìn náà kí wọ́n lọ yan èyí tó wù wọ́n. Kò sí pàṣán, kò sí ìdánwò. Ẹ má jẹ́ kí òbí kankan sọ ọ́ di lẹ́sìn.

Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ pe àgbàlagbà kan. Ẹ jẹ́ kó sọ ìtàn Púpùpù, obìnrin tó kọ́kọ́ jọba Oǹdó, kó ṣàlàyé oyè Lóbùn, ọba obìnrin ìlú, kó kọ orin Ọbitun, orin ayẹyẹ àwọn wúńdíá. Ẹ tọrọ ààyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó gbà á sílẹ̀ lórí fóònù. Bí ẹ bá wá ń kọ ọ́ sílẹ̀, bó ṣe sọ ọ́ lédè Oǹdó gan-an ni kí ẹ kọ ọ́. Mo ti rí olùkọ́ tó tún gbogbo rẹ̀ kọ ní Yorùbá inú ìwé, tí ohùn ìyá náà sì parẹ́ nínú rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀, àdúgbò rẹ̀ àti ọjọ́ náà sí i, kí ó sì lọ sínú páálí ìlú. Ọjọ́ 21 oṣù kejì ọdọọdún, tí UNESCO yà sọ́tọ̀ fún èdè abínibí, bá irú ètò yìí mu gan-an.

Fún àwọn àgbẹ̀, ìrọ̀lẹ́ ló dára. Ẹ wá ìwé pélébé tí CRIN, ilé iṣẹ́ ìwádìí kòkó tó wà n'Ídìí-Ayùnrẹ́ n'Ìbàdàn, ń tẹ̀ jáde, kí ẹnì kan máa kà á kó sì máa túmọ̀ rẹ̀. Kí òjò tó le ni kí ẹ ka ti àrùn tó ń sọ èso kòkó di dúdú, nígbà tí wọ́n ṣì lè rí nǹkan ṣe sí i.

Kíka ìwé lóṣù Kejìlá

Ẹ tì ilẹ̀kùn fún ọjọ́ méjì ṣáájú Kérésìmesì. Ẹnì kan mú ìwé àkọsílẹ̀ nọ́ńbà, ẹnì kejì dúró ti pẹpẹ, ẹnì kẹta jókòó ti páálí bàtà. Ẹ pe nọ́ńbà láti 1. Ìwé tó bá wà lórí pẹpẹ, ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sí i. Èyí tí káàdì rẹ̀ bá wà nínú páálí, ẹ kọ orúkọ ẹni tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Èyí tí kò sí níbì kankan, ẹ fi báírò pupa fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ kọ ọdún síbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má tíì pa á rẹ́. Ó ṣeé ṣe kó wọlé lọ́dún tó ń bọ̀, ojú ewé 17 sì ni ẹ ó fi mọ̀ pé tiyín ni.