Ìwé radiation ọmọ mi tí mo fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wá kiri

Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko la fi sunkún pé jẹjẹrẹ ọmọ mi ti padà, bẹ́ẹ̀ ìwé kan báyìí ló wà níbì kan tí ì bá ti jẹ́ kí wọ́n tètè fura sí nǹkan míì.

Ọmọ ọdún 7 ni nígbà tí wọ́n yọ medulloblastoma, ìyẹn jẹjẹrẹ ọpọlọ kan, lórí rẹ̀, wọ́n sì fún un ní radiation, ìtànṣán tí wọ́n fi ń pa jẹjẹrẹ, lórí àti ní gbogbo ọ̀pá ẹ̀yìn. Ara rẹ̀ yá, ó dàgbà, ó pé 19. Àfi lọ́jọ́ kan tí mo rí i tó ń bọ̀, sílípáàsì kan ti bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ẹsẹ̀ lásán ló fi ń tẹlẹ̀, kò mọ̀ rárá. Kílẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ìtọ̀ ò jáde mọ́.

Wọ́n ṣe MRI, àwòrán tó ń fi inú ara hàn, wọ́n ní kókó wà nínú ọ̀pá ẹ̀yìn. Dókítà tó ń ṣiṣẹ́ abẹ ọpọlọ ló wá bi mí pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, Gray mélòó ni wọ́n fún un nígbà yẹn, ibo gan-an ni wọ́n sì tàn án sí?" Gray yìí ni wọ́n fi ń wọn iye radiation. Mi ò mọ̀. Wọ́n ṣàlàyé pé radiation lè ba àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ jẹ́, kí wọ́n wá wú jọ sójú kan lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ara wọn á fẹ́lẹ́, wọ́n á máa jo ẹ̀jẹ̀. Cavernous malformation lorúkọ rẹ̀, èyí tí radiation ń fà sì sábà máa ń ṣe àwọn tó gbà á ní kékeré.

Ibi ìwé yìí ni wàhálà wà o. Mo dé ọsibítù tó gba radiation, ọ́fíìsì tí wọ́n ń kó fáìlì sí ní kí n lọ gba lẹ́tà wá. Mo gbà á wá, wọ́n ní kò ní sítáǹbù. Mo tún padà, wọ́n ní ọmọ ti kọjá 18, òun fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ sáìnì, ọmọ tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì! Mo gbé fọ́ọ̀mù lé orí báàgì mi lórí àyà rẹ̀, ó sáìnì bó ṣe dùbúlẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá fún mi níwèé, ohun tó wà níbẹ̀ ò ju pé ó gba radiation, ó sì parí ẹ̀. Mo jókòó sí kọ́rídọ̀ wọn, mo sunkún.

Mo dìde, mo gba ẹ̀ka tó ń fúnni ní radiation gan-an lọ, mo ní treatment summary ni mo fẹ́, ìwé tó sọ iye radiation tí wọ́n fún un àti ibi tí wọ́n tàn án sí. Láàárín ogún ìṣẹ́jú wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ fún mi: Gray 36 sí gbogbo ọ̀pá ẹ̀yìn, 54 lápapọ̀ sí ẹ̀yìn ọpọlọ. Inú mi dùn débi pé mo dì mọ́ nọ́ọ̀sì tó fún mi.

Wọ́n tún MRI ṣe, èyí tó máa ń fi ẹ̀jẹ̀ àtijọ́ hàn, òrùka dúdú, àmì ẹ̀jẹ̀ tó ti jo tẹ́lẹ̀, sì yí nǹkan náà ká. Wọ́n yọ ọ́, lábù ní kò sí jẹjẹrẹ níbẹ̀. Ó ti ń fi ọ̀pá rìn báyìí.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín ń gba radiation lọ́wọ́, ọjọ́ tó bá parí gan-an ni kẹ́ ẹ gba treatment summary yẹn, ẹ má ṣe gba fáìlì lásán. Bí ẹsẹ̀ bá sì ṣàdédé kú tàbí ìtọ̀ há, kódà lẹ́yìn ogún ọdún, ọsibítù ni kẹ́ ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ sì sọ fún wọn pé ó ti gba radiation rí. Tiwa ti wà nínú fóònù mi, ó wà nínú tiẹ̀, ó wà nínú ti àbúrò rẹ̀.