Bí mo ṣe sọ ìgbẹ́ adìyẹ àti pòròpórò di ajílẹ̀ ní Òṣogbo

Ìgbẹ́ adìyẹ tútù ló ń jó ẹ̀fọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lójú bẹ́ẹ̀dì. Ammonia (gáàsì tó ń rùn bí ìtọ̀) àti iyọ̀ inú rẹ̀ le jù fún gbòǹgbò, ewé á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó láti etí wá. Àfi kó kọ́kọ́ jẹrà pẹ̀lú ohun gbígbẹ.

Oṣù kẹjọ, nígbà tí òjò dáwọ́ dúró díẹ̀, ni mo to òkìtì tèmi. Wọ́n ti kórè àgbàdo, pòròpórò wà nílẹ̀ rẹpẹtẹ, òkìtì náà á sì ti jẹrà tán kí iṣẹ́ àkùrọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ lóṣù kọkànlá. Ó ń dùn mí bí àwọn kan ṣe ń dáná sun pòròpórò yìí. Eérú díẹ̀ ló ń kù nílẹ̀.

Ibi tó ga díẹ̀, lábẹ́ igi, tó sì jìnnà sí kànga ni mo lò, torí àgbàrá lè gbá gbogbo ọ̀rá ajílẹ̀ lọ. Mo gé pòròpórò kéékèèké, kò ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ. Mo gé jógbo ẹ̀bá ọ̀nà tí kò tíì yọ òdòdó, mo sì kó ẹ̀fọ́ tó ti rọ lọ́wọ́ àwọn ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ l'Ọ́jà Ọba. Èèpo ẹ̀gẹ́ láti ẹbu gàrí náà wúlò, àmọ́ ẹ sá a gbẹ kọ́kọ́. Tútù rẹ̀ máa ń dì pọ̀, afẹ́fẹ́ ò ní rọ́nà wọlé.

Igi wẹ́wẹ́ ló wà nísàlẹ̀ pátápátá, kó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 15. Lẹ́yìn ìyẹn, pòròpórò sẹ̀ǹtímítà 20, ewé tútù sẹ̀ǹtímítà 10, ìgbẹ́ adìyẹ sẹ̀ǹtímítà 5, ilẹ̀ dúdú ṣọ́bìrì kan. Mo wọ́n omi sí ìpele kọ̀ọ̀kan, mo sì ń tò ó bẹ́ẹ̀ títí ó fi ga tó mítà 1.5. Òkìtì tí kò bá tó mítà kan níbùú, lóòró àti ní gíga kò lè mú ooru dúró. Mi ò da eérú sí i o. Àgbẹ̀ púpọ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ńṣe ni eérú ń lé ammonia jáde, naitrojin, oúnjẹ ewéko tí à ń wá, á sì bá afẹ́fẹ́ lọ.

Omi ló ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù. Mo máa ń bu ẹ̀kúnwọ́ kan láti àárín òkìtì, màá fún un dáadáa. Bí omi bá kán ẹyọ kan tàbí méjì, ó tọ́. Bó bá ń ṣàn gba àárín ìka, ó ti pọ̀ jù. Bó bá fọ́nká nígbà tí mo bá ṣí ọwọ́, ó ti gbẹ jù. Bí òjò bá ṣú, ọ̀rá náílọ́ọ̀nù ni mò ń fi bò ó.

Ní ti ooru, mo ki ọ̀pá irin bọ àárín, mo fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10, mo fà á yọ. Bí ọwọ́ ò bá lè dì í mú, ó dáa. Nǹkan bí 55 sí 65 lórí ìwọ̀n Celsius ni ọ̀pọ̀ èso èpò àti kòkòrò àrùn ti ń kú. Láàárín ọjọ́ mélòó kan ni ooru yìí ń dé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, mo yí i, ara òde wọ inú, inú bọ́ sóde, mo sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún oṣù kan.

Bó bá ń rùn bí ìtọ̀, ìgbẹ́ ti pọ̀ jù, ẹ fi pòròpórò kún un. Bó bá ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, omi ti pọ̀, afẹ́fẹ́ ò sí: ẹ yí i, kí ẹ po ìràwé gbígbẹ mọ́ ọn. Bí kò bá gbóná rárá, ó gbẹ ni, tàbí ó kéré.

Lẹ́yìn náà, mo fi sílẹ̀ fún oṣù kan sí i, títí ó fi dúdú tí kò gbóná mọ́. Kí n tó lò ó, mo gbin ẹ̀wà 10 sínú rẹ̀, 10 sínú ilẹ̀ lásán. Bí ti inú ajílẹ̀ bá ń pọ́n tàbí tí kò tètè hù, ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i.

Kìló 2 ni mò ń lò fún mítà kan níbùú lóòró. Bẹ́ẹ̀dì tẹ̀tẹ̀ tó fẹ̀ mítà 1, tó gùn mítà 10, gba kìló 20. Ọkọ́ ni mo fi pò ó mọ́ ilẹ̀, kò jìn ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ, mo wá fi ìràwé bo àárín ewébẹ̀ kí oòrùn má bàa gbẹ ẹ́.