Bí a ṣe ń gbé ètò Linux láti orí laptop lọ sórí mainframe

Ó ti lé ní ogún ọdún tí Linux ti ń ṣiṣẹ́ lórí mainframe IBM, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tí àwọn báńkì àti iléeṣẹ́ ńlá ń lò. Ìyẹn ló ń mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé kí àwọn kàn kó ètò tó wà lórí laptop àwọn síbẹ̀ ni. Ẹ dán an wò, ohun tí ẹ máa rí nìyí:

cannot execute binary file: Exec format error

Linux kan náà ni, àmọ́ èdè tí chip laptop ń gbọ́ yàtọ̀ sí èyí tí chip mainframe ń gbọ́. Ẹ tẹ `uname -m`: laptop á dáhùn x86_64, mainframe á ní s390x. Kóòdù tí wọ́n fi kọ ètò náà la máa lò, ká kọ̀ǹpáìlì rẹ̀ (ká túmọ̀ rẹ̀ sí èdè tí chip ń gbọ́) fún s390x. Bí kóòdù ò bá sí lọ́wọ́ yín, ẹ padà sọ́dọ̀ ẹni tó tà á fún yín.

Orí laptop ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Ká ní Go, ọ̀kan lára èdè tí wọ́n fi ń kọ kóòdù, ni wọ́n fi kọ ètò kan tó ń jẹ́ owo. Nínú fódà rẹ̀, lórí Ubuntu, ẹ tẹ:

CGO_ENABLED=0 GOOS=linux GOARCH=s390x go build -o owo

Ó parí. Bó bá jẹ́ C ni, ẹ gbé gcc-s390x-linux-gnu wá pẹ̀lú apt, kí ẹ wá lo `s390x-linux-gnu-gcc -static` dípò gcc.

Ẹ wá dán an wò lórí laptop kan náà pẹ̀lú qemu, ètò tó ń ṣe bíi chip mainframe:

sudo apt install qemu-user-static
qemu-s390x-static ./owo

Ẹ má fo ibí yìí o. Àṣìṣe tó wà níbẹ̀ kì í pariwo. Laptop máa ń to báìtì inú nọ́ńbà láti ẹ̀yìn, mainframe ń tò ó láti iwájú. Nọ́ńbà 1 tí laptop kọ sínú fáìlì bíi 01 00 00 00, 16,777,216 ni mainframe máa kà á sí. Náírà kan ti lé ní mílíọ̀nù 16! Ó dùn létí, àfi bó bá jẹ́ gbèsè yín ni. Torí náà, ẹ wá gbogbo ibi tí ètò yín ti ń ka báìtì tààrà láti inú fáìlì, kí ẹ sọ bí wọ́n ṣe tò ó fún un: `binary.LittleEndian.Uint32` nínú Go, `le32toh` nínú C. Fáìlì CSV àti JSON ò ní wàhálà yìí. Bí lẹ́tà ni wọ́n ṣe ń kọ nọ́ńbà.

Ẹni tí kò ní mainframe lè tọrọ ààyè ní LinuxONE Community Cloud ti IBM. Ẹ fi `scp` gbé owo lọ, `chmod +x owo`, kí ẹ tẹ `./owo`. Bó bá jẹ́ z/OS (ètò IBM tó ń darí mainframe, dípò Linux) nìkan ló wà níbi iṣẹ́ yín, ẹ bi alábòójútó rẹ̀ bóyá zCX wà níbẹ̀: òun ló ń jẹ́ kí container Linux (àpótí tí wọ́n di ètò àtàwọn ohun tó nílò sí) ṣiṣẹ́ nínú z/OS, láti 2.4 sókè. Container náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ti s390x.

Lẹ́yìn náà, ẹ fún ètò náà ní fáìlì kan náà lórí ẹ̀rọ méjèèjì, kí ẹ fi `diff` wo bóyá èsì wọn yàtọ̀ síra. Bí `diff` bá dákẹ́, ètò yín ti dé.