Bí A Ṣe Ń Fi Ọ̀nà Àbùjá Kíbọ́ọ̀dù Ṣiṣẹ́ Kíákíá Lórí Kọ̀ǹpútà

Ẹ wo ọwọ́ ọ̀tún ẹni tó ń tẹ̀wé lórí kọ̀ǹpútà. Á tẹ ọ̀rọ̀ díẹ̀, á nawọ́ sí máòsì, á wá ibi tí kọ́sọ̀ (àmì tó ń fi ibi téèyàn wà lójú kọ̀ǹpútà hàn) wà kiri, lẹ́yìn náà á tún dá ọwọ́ padà sórí kíbọ́ọ̀dù. Lílọ-bíbọ̀ yẹn kéré lójú, ṣùgbọ́n òun ló ń jẹ àkókò jù, òun náà ló sì máa ń mú kí ohun téèyàn fẹ́ kọ fò lọ lọ́kàn rẹ̀. Ọ̀nà àbùjá kíbọ́ọ̀dù, ìyẹn àwọn bọ́tìnì méjì tàbí mẹ́ta tí à ń tẹ̀ pọ̀ láti pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, ló ń gbani lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣe ni pé wọ́n á wá àtòjọ ọ̀nà àbùjá tó gùn jàn-ànràn jan-anran, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sórí pépà, tó bá fi máa di ọ̀sán wọn ò ní rántí márùn-ún nínú rẹ̀ mọ́. Ẹ má wulẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ẹ máa lò lójoojúmọ́. Windows ni màá fi ṣàlàyé. Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń lo Mac wà nísàlẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́

Tí wọ́n bá kọ ọ́ pé Ctrl+C, kì í ṣe pé kí ẹ gbá bọ́tìnì méjèèjì mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ di Ctrl mú, ẹ má tíì fi sílẹ̀, ẹ tẹ C lẹ́ẹ̀kan péré, lẹ́yìn náà kí ẹ wá gbọ́wọ́ kúrò. Tó bá jẹ́ mẹ́ta ni, bíi Ctrl+Shift+T, ẹ di méjì àkọ́kọ́ mú kí ẹ tó tẹ ẹ̀kẹta. Àmì + yẹn kò sí lára ohun tí ẹ máa tẹ̀.

Àwọn mẹ́rin tó wà ní ìlà ìsàlẹ̀

Ẹ wo Z, X, C àti V: wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn nítòsí Ctrl, ọwọ́ òsì nìkan sì tó wọn. Ctrl+C ń ṣe àdàkọ ohun tí ẹ ti yàn, Ctrl+X ń gé e kúrò níbi tó wà, Ctrl+V ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí kọ́sọ̀ wà. Larry Tesler, tó di olóògbé lọ́dún 2020, àti Tim Mott ló gbé ọgbọ́n gígé àti lílẹ̀ yìí kalẹ̀ ní ibùdó ìwádìí Xerox PARC ní Amẹ́ríkà ní nǹkan bí àárín àwọn ọdún 1970.

Ctrl+Z ni ọ̀gá gbogbo wọn lójú tèmi. Ó ń dá ohun tí ẹ ṣe kẹ́yìn padà, tí ẹ bá sì ń tẹ̀ ẹ́ lọ bẹ́ẹ̀, á máa padà sẹ́yìn ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe inú ìwé nìkan ló ti ń ṣiṣẹ́ o: tí ẹ bá ṣèèṣì yí orúkọ fáìlì padà tàbí tí ẹ gbé e sínú fóòdà tí kì í ṣe tirẹ̀, ẹ tẹ Ctrl+Z lójú ẹsẹ̀, á padà síbi tó wà. Tí ẹ bá ti padà sẹ́yìn jù, Ctrl+Y á gbé yín wá síwájú.

Rírìn láàárín ọ̀rọ̀

Ibí yìí gan-an ni èrè pọ̀ sí, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ti ń lo kọ̀ǹpútà látọjọ́ pípẹ́ kò tíì dé. Bọ́tìnì ọlọ́fà ń gbé kọ́sọ̀ rìn ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá di Ctrl mú tì í, odindi ọ̀rọ̀ ni á máa fò. Home á gbé e lọ sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà, End á gbé e lọ sí ìparí rẹ̀. Tí ẹ bá fi Ctrl kún wọn, ó di ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí ìwé látòkèdélẹ̀. Shift ló wá ń yan ọ̀rọ̀: ibikíbi tí ẹ bá gbé kọ́sọ̀ gbà nígbà tí ẹ di Shift mú, gbogbo ohun tó bá kọjá ni á di yíyàn.

Ká gbà pé ẹ ti tẹ gbólóhùn yìí:

Ìpàdé wa yóò wáyé lọ́jọ́ Ajé lágogo mẹ́wàá

Kọ́sọ̀ wà ní ìparí, ẹ wá rántí pé ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ìpàdé, kì í ṣe Ajé. Ẹ fi máòsì sílẹ̀.

1. Ẹ di Ctrl mú, kí ẹ tẹ ọfà òsì lẹ́ẹ̀mẹta. Kọ́sọ̀ á fo mẹ́wàá, á fo lágogo, á dúró síwájú Ajé.
2. Ẹ fi Shift kún Ctrl, kí ẹ tẹ ọfà ọ̀tún lẹ́ẹ̀kan. Ajé á di yíyàn, pẹ̀lú àlàfo tó tẹ̀ lé e.
3. Ẹ tẹ Ìṣẹ́gun, kí ẹ sì fi àlàfo kan sí i. Ẹ ò ní láti kọ́kọ́ pa Ajé rẹ́; ohun tí ẹ bá tẹ̀ ló máa gbapò rẹ̀.
4. Ẹ tẹ End, kí ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ.

Ní kíkà, ó dà bíi pé ó gùn. Lọ́wọ́ ẹni tó ti mọ́ lára, kó tó ṣẹ́jú, ó ti parí. Ẹ tún mọ Ctrl+Backspace, tó ń pa odindi ọ̀rọ̀ tó wà lápá òsì kọ́sọ̀ rẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá ti mọ̀ ọ́n kì í tún máa gbá Backspace lẹ́tà kọ̀ọ̀kan mọ́.

Láti ojú iṣẹ́ kan sí òmíràn

Ẹ di Alt mú kí ẹ tẹ Tab lẹ́ẹ̀kan, ẹ ó padà sórí ohun tí ẹ ń lò ṣáájú. Tí ẹ ò bá fi Alt sílẹ̀, ẹ ó rí gbogbo ohun tó wà ní ṣíṣí, Tab á sì máa gbé yín kiri láàárín wọn. Nínú búráúsà, Ctrl+T ń ṣí táàbù tuntun, Ctrl+W ń pa á dé. Tí ẹ bá ṣèèṣì pa èyí tí ẹ ṣì nílò dé, Ctrl+Shift+T á jí i dìde, àfi tó bá jẹ́ fèrèsé ìkọ̀kọ̀ (incognito) ni ẹ wà. Ctrl+F ń wá ọ̀rọ̀ lójú ìwé. Tí ẹ bá sì fẹ́ dìde kúrò nídìí kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ bọ́tìnì Windows pẹ̀lú L, ó ti tì pa nìyẹn.

Windows+V

Ctrl+V kò mọ̀ ju ohun tí ẹ dà kọ kẹ́yìn lọ. Ẹ tẹ bọ́tìnì Windows pẹ̀lú V. Tó bá jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́, á ní kí ẹ tan án. Láti ìgbà yẹn lọ, á máa tọ́jú ohun tí ẹ bá dà kọ, títí dé 25, ẹ ó sì máa mú èyí tó wù yín níbẹ̀. Ọdún 2018 ni wọ́n fi í kún Windows 10. Ẹ ṣọ́ra o: tí ẹ bá da ọ̀rọ̀ aṣínà yín kọ, ó lè wà níbẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà yẹn láti rí. Ẹ má tan án lórí kọ̀ǹpútà àjùmọ̀lò.

Àwọn tó ń lo Mac

Níbi tí mo bá ti pe Ctrl, ẹ fi Command sí i, ọ̀pọ̀ rẹ̀ á ṣiṣẹ́. Ti rírìn láàárín ọ̀rọ̀ ló yàtọ̀: Option pẹ̀lú ọfà ló ń fo ọ̀rọ̀, Command pẹ̀lú ọfà ló ń lọ sí ìbẹ̀rẹ̀ tàbí ìparí ìlà.

Bí á ṣe mọ́ yín lára

Ẹ ṣọ́ ara yín fún ọjọ́ kan. Kí ni ẹ fi máòsì ṣe jù? Ẹ wá ọ̀nà àbùjá ẹyọ kan yẹn, ẹ kọ ọ́ sórí bébà pélébé, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ojú kọ̀ǹpútà, kí ẹ má sì kọ òmíràn títí ọwọ́ yín á fi máa lọ síbẹ̀ láìronú. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹ ò ní láti wá a jìnnà pàápàá: ọ̀pọ̀ ètò orí kọ̀ǹpútà ló kọ ọ̀nà àbùjá sẹ́gbẹ̀ẹ́ àṣẹ kọ̀ọ̀kan, tí ẹ bá sì tẹ Alt nínú Word, lẹ́tà tí ẹ lè tẹ̀ á hàn lórí àwọn orúkọ tó wà lókè.

Tí bọ́tìnì òkè kíbọ́ọ̀dù bíi F2 tàbí F5 bá ń dín ìmọ́lẹ̀ kù tàbí tó ń yí ohùn padà dípò iṣẹ́ tó yẹ kó ṣe, ẹ di Fn mú kí ẹ tún un tẹ̀. Tí ọ̀rọ̀ tí ẹ ń tẹ̀ bá sì ń jẹ èyí tó wà níwájú rẹ̀, ọwọ́ yín ti kan Insert nìyẹn. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, á dáwọ́ dúró.