Bí ẹ ṣe lè dá mẹ́dàlì Sternkreuzorden mọ̀ nínú àwòrán àtijọ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn àwòrán àwọn obìnrin ọlọ́lá ilẹ̀ Yúróòpù àtijọ́ bíi tèmi, ẹ má jẹ́ kí dáyámọ́ńdì ọrùn wọn gba ojú yín. Sternkreuzorden, orúkọ Jámánì ni, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Kátólíìkì ọlọ́lá ni, mẹ́dàlì tí wọ́n ń fi mọ ọmọ ẹgbẹ́ náà la sì ń wá. Àyà òsì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, òsì ẹni tó wà nínú àwòrán ni mò ń sọ o, ọwọ́ ọ̀tún tiyín ló máa bọ́ sí tẹ́ ẹ bá kọjú sí i. Tẹ́ ẹ bá rí ríbọ́nì dúdú tí wọ́n ta bíi labalábá, tí mẹ́dàlì kékeré sì so rọ̀ sábẹ́ ẹ̀, ẹ dúró, ẹ súùmù ún dáadáa. Ríbọ́nì dúdú nìkan ò tó, torí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ náà máa ń lo dúdú.

Mẹ́dàlì ọ̀hún rí bí ẹyin, etí ẹ̀ búlúù, ẹyẹ idì dúdú olórí méjì ló wà nínú ẹ̀, èékánná ẹyẹ náà wúrà, àgbélébùú sì wà láyà idì yẹn. Lókè ibẹ̀ ni wọ́n kọ SALUS ET GLORIA sí, Látìn ni, ìgbàlà àti ògo. Lẹ́tà yẹn máa ń kéré débi pé oníṣẹ́ ọnà lè fò ó, ẹ má torí ìyẹn pa á tì, idì àti àgbélébùú yẹn ni kẹ́ ẹ dì mú.

Ìdí tó fi jẹ́ àgbélébùú nìyí, ibi tó wọ̀ mí lọ́kàn jù nìyẹn. Ní February 2, 1668, iná sọ ní ààfin Hofburg ní Vienna, lórílẹ̀-èdè Austria. Eleonora Gonzaga, opó Ferdinand III tó jẹ́ olú ọba Ilẹ̀ Ọba Róòmù Mímọ́, ní àpótí kékeré kan tí wọ́n gbà pé ègé igi àgbélébùú Jésù wà nínú ẹ̀, iná sì ká a mọ́bẹ̀. Ọjọ́ karùn-ún ni wọ́n tó rí i nínú eérú, irin tó yí i ká ti yọ́ ṣùgbọ́n igi yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ má jó rárá! Eleonora fi ìyẹn dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀ fáwọn obìnrin Kátólíìkì ọmọ ìdílé ọlọ́lá, kí wọ́n máa bọlá fún àgbélébùú, kí wọ́n máa gbàdúrà, kí wọ́n sì máa ṣe àánú. Póòpù Clement IX fọwọ́ sí i lọ́dún yẹn náà. Torí ẹ̀, àwòrán tí wọ́n bá yà ṣáájú 1668, ẹ má wulẹ̀ wá a níbẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ni ti Sípéènì, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọlọ́lá tí wọ́n fi orúkọ Ọbabìnrin Maria Luisa pè, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1792. Tìyẹn, aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn ni, àwọ̀ pọ́pù ló wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, funfun wà láàárín, ó ń ti èjìká ọ̀tún bọ̀ wá sí ìbàdí òsì. Ẹ sì ṣọ́ra fáwọn àwòrán tí wọ́n tẹ̀ látorí bàbà, ìtẹ̀wé máa ń yí òsì sí ọ̀tún nígbà míì, nítorí náà mẹ́dàlì tó bọ́ sí ọ̀tún ò túmọ̀ sí pé kì í ṣe òun.

Tẹ́ ẹ bá ṣì ń ṣiyèméjì, ẹ lọ wo ìwé ìdílé obìnrin náà, kẹ́ ẹ wá ọ̀rọ̀ Jámánì yìí lẹ́yìn orúkọ ẹ̀: Sternkreuzdame, ìyẹn obìnrin ẹgbẹ́ Sternkreuz. Tẹ́ ẹ bá ti rí ìyẹn, ọmọ ẹgbẹ́ ni.