Òkè ò le, ìwé ló le: bí mo ṣe dé àfonífojì Tsum ní Nepal

£310. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ iye yẹn, torí ó ṣì ń dùn mí. Kì í ṣe owó tíkẹ́ẹ̀tì o, owó tí mo san láti yí ọjọ́ orí tíkẹ́ẹ̀tì padà ni. Ẹ wá fi owó òtẹ́ẹ̀lì ọjọ́ mẹ́fà tí n kò múra sílẹ̀ fún lé e. Mo fẹsẹ̀ ara mi dé Mu Gompa, ilé àwọn mọ́ńkì Búdà ní àfonífojì Tsum, 3,700 mítà sókè, ẹnikẹ́ni ò sì lè gba ìyẹn lọ́wọ́ mi. Àmọ́ kì í ṣe orí òkè ni ojú mi ti rí màbo. Ìdí ìwé ni.

Àríwá agbègbè Gorkha ni Tsum wà, ẹ̀gbẹ́ ààlà Tibet. Àwọn ará ibẹ̀ gbà pé ọ̀kan nínú àwọn beyul ni, ìyẹn àwọn ibi ìkọ̀kọ̀ tí Padmasambhava, ẹni mímọ́ ẹ̀sìn Búdà tí wọ́n ń pè ní Guru Rinpoche, fi pamọ́ kí àwọn èèyàn lè rí ibi sá sí lọ́jọ́ tí ayé bá dàrú. Láti 1920 ni àwọn ará àfonífojì náà ti bá ara wọn mulẹ̀ pé àwọn ò ní pa ohun ẹlẹ́mìí kankan níbẹ̀: kò sí ọdẹ, kò sí alápatà, wọn kì í tilẹ̀ fi èéfín lé oyin kúrò nínú afárá rẹ̀. 2008 ni ìjọba tó ṣí i fún àlejò láti ìlú mìíràn. Òṣogbo ni wọ́n bí èmi sí. Láti kékeré ni mo ti mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kì í pẹja nínú odò tó gba inú igbó Ọ̀ṣun kọjá. Nígbà tí mo gbọ́ ti Tsum, ó wá ṣe mí bí ẹni pé mo mọ àwọn èèyàn náà rí.

Èmi àti àbúrò mi la jọ lọ. Ọmọ ìyá kan náà ni bàbá mi àti bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n London ni wọ́n bí òun sí, páálí ìlú Ọba, ìyẹn ìwé ìrìnnà wọn, ló sì ń lò. Èmi tí mo wá ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Manchester, páálí ewé wa ti Nàìjíríà ló ṣì wà lọ́wọ́ mi. Lásìkò tí a lọ, ní 2023, ẹnì kan ṣoṣo ò lè gba ìwé àṣẹ Tsum. Ó kéré tán, ẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ méjì, kí ẹ ní afinimọ̀nà, kí iléeṣẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba sì bá yín gbà á. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí èmi ò bá lè lọ, òun náà ò lọ nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

A rí iléeṣẹ́ kan ní Kathmandu, olú ìlú Nepal, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo sì kọ̀wé bi wọ́n nípa físà. Wọ́n ní kí n má ṣèyọnu, pé tí a bá ti balẹ̀, a máa gbà á ní pápákọ̀ òfurufú, 50 dọ́là fún ọgbọ̀n ọjọ́. Òótọ́ ni wọ́n sọ, fún àbúrò mi. Wọn ò bi mí pé páálí ìlú wo ló wà lọ́wọ́ mi, èmi náà ò sì sọ. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo ra tíkẹ́ẹ̀tì, èyí tó pọ́ọ́kú jù lọ, tí wọn kì í dá owó rẹ̀ padà. Ọjọ́ 8, oṣù Kẹwàá ni a ó gbéra. Mo tún ń ṣe fáàrí pé mo rí i rà ní ẹ̀dínwó!

Ìdajì oṣù Kẹsàn-án ni obìnrin ará Ghana kan níbi iṣẹ́ wa gbọ́ tí mo ń ròyìn ìrìn àjò yìí. Ó wò mí títí. Ó ní, "Ṣé o ti gba físà ni? Wọn kì í fún àwa àti ẹ̀yin ní pápákọ̀ o." Mo rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo délé, mo ṣí ìwé tí àwọn aṣọ́bodè Nepal kọ sórí ìkànnì wọn, n kò rẹ́rìn-ín mọ́. Nàìjíríà jókòó síbẹ̀ pẹ̀sẹ̀, pẹ̀lú Ghana, Cameroon, Zimbabwe, Ethiopia, Somalia, Liberia, Iraq, Afghanistan. Ẹni tó bá ti ibẹ̀ wá gbọ́dọ̀ gba físà kó tó kúrò nílé.

Bí wàhálà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lọ́fíìsì tí mo gbé ìwé lọ, wọ́n ní kí n mú àkọsílẹ̀ báńkì mi wá, ẹ̀rí pé mo ń gbé Bìrìtìkó, àti lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ tó máa mú wa rìn. Mo kọ̀wé sí Kathmandu. Ọjọ́ mẹ́rin kọjá kí lẹ́tà tó dé. Mi ò yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, torí iṣẹ́ òru ni mo ti ń bọ̀, ojú mi ti pọ́n bí ata. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí London, mo tò, ó kàn mí. Akọ̀wé náà wo lẹ́tà, ó wo páálí, ó tún wo lẹ́tà. Orúkọ bàbá mi tó gùn bí ọ̀nà Ìbàdàn, wọ́n ti yọ álífábẹ́ẹ̀tì méjì kúrò nínú rẹ̀, wọ́n sì ti fi orúkọ mi sí ipò orúkọ bàbá. Ó ní èyí kì í ṣe èmi. Kí ni mo fẹ́ bá a jà sí? Òtítọ́ ló sọ.

Mo tún kọ̀wé. Lẹ́tà kejì dé, orúkọ ti pé, àmọ́ nọ́ńbà páálí ti ṣì. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé, mo sunkún, ẹ má rí mi fín. Nígbà tí ìkẹta dé, mo ka álífábẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan inú rẹ̀ sókè ketekete bí ọmọ tó ń kọ́ a, b, d, kí n tó gbà á. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ku ìdúró. Ọjọ́ 8 kọjá lórí mi báyìí. Àbúrò mi náà ní láti yí tíkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì. Nígbà tó máa la ẹnu, ó ní, "Àǹtí mi, ṣé ẹ ò mọ̀ pé páálí yín le ni?" Mo gé fóònù.

Ọjọ́ 17 ni físà jáde. A balẹ̀ sí Kathmandu lálẹ́ ọjọ́ 20, ọjọ́ Friday, mo sì rò pé ó ti parí. Ẹ gbọ́: iléeṣẹ́ náà ò lè fi orúkọ wa gba ìwé àṣẹ Tsum àyàfi tí físà bá ti wà nínú páálí. Ọjọ́ Saturday, ọ́fíìsì ìjọba kì í ṣí ní Nepal. Saturday yẹn gan-an ni Dashain, ọdún Híńdù tó tóbi jù ní Nepal, wọ ìgbà tó gbóná jù, ọ́fíìsì sì wà ní títì. Ká ní ọjọ́ 8 ni a gbéra bí a ṣe pinnu, à bá ti wà lórí òkè kí ọdún tó dé.

A jókòó sí Thamel, àdúgbò àwọn àlejò ní Kathmandu, fún ọjọ́ mẹ́fà, à ń náwó. Àwọn ọmọdé ń fi okùn darí káìtì lójú ọ̀run, ewúrẹ́ sì ń ké ní gbogbo àgbàlá. Lọ́jọ́ kejì, ẹ ò ní gbọ́ igbe wọn mọ́. Bí ọdún Iléyá ló rí gẹ́lẹ́. Ọjọ́ 24, ìyá ẹni tó ni òtẹ́ẹ̀lì ní kí á wá kúnlẹ̀. Ó fi ìrẹsì tí wọ́n po mọ́ yúgọ́ọ̀tì àti àtíkè pupa lẹ̀ wá níwájú orí, ó fi ọ̀mùnú ọkà báálì sí wa nírun, ó sì ń wúre. N kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan, ṣùgbọ́n mo mọ ibi tó yẹ kí n ti ṣe àmín. Inú mi rọ̀ díẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Níbẹ̀ náà ni kílíṣí mi ti di ẹjọ́. Mo ti di ìdì méjì sínú àpò láti máa jẹ lójú ọ̀nà. Afinimọ̀nà wa bi mí pé ẹran kí ni. Mo ní màlúù. Ojú rẹ̀ yí padà. Òfin Nepal kò gba kí èèyàn pa màlúù, àlejò onílé Híńdù sì ni wá. Ó bẹ̀ mí kí n má jẹ́ kí ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wúre fún wa rí i. Mo kó o dànù lóru bí olè. Ẹ̀yin tó ń bọ̀, ẹ̀pà ni kí ẹ dì.

Nígbà tí ọ́fíìsì ṣí, ọjọ́ kan péré ni ìwé àṣẹ gbà. Ní oṣù Kẹsàn-án sí Kọkànlá, 40 dọ́là ni fún ọ̀sẹ̀ kìíní, 7 dọ́là fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tó bá lé. Ọjọ́ mẹ́wàá ni a gbà, 61 dọ́là. Ti ọgbà ìdáàbòbò Manaslu, tí ọ̀nà wa gbà kọjá, jẹ́ 3,000 rúpíì. Ẹ rí i pé gbogbo èyí kò tó owó tí mo fi yí tíkẹ́ẹ̀tì.

Ti ìrìn ọ̀hún, kò sí ohun púpọ̀ láti sọ. Jíìpù gbé wa dé Machha Khola, ó gbọn ìfun wa pọ̀ mọ́ ẹ̀dọ̀. Láti ibẹ̀, a tẹ̀ lé odò Budhi Gandaki gba Jagat, a yà ní Lokpa, a gba Chumling dé Chhekampar. Bí ìbaaka bá ń bọ̀, ẹ fara ti òkè, ẹ má dúró síhà ọ̀gbun. Bí ẹ bá dé ibi ògiri òkúta tí wọ́n fín àdúrà sí, ẹ jẹ́ kó wà lọ́wọ́ ọ̀tún yín bí ẹ ṣe ń kọjá. Rúpíì ni kí ẹ kó dání, torí kò sí ẹ̀rọ báńkì lókè. Ìrẹsì àti dal, ìyẹn ọbẹ̀ ẹ̀wà wọn, la jẹ láàárọ̀ lálẹ́, kò sì sú mi.

Afinimọ̀nà ń pè mí ní didi, ẹ̀gbọ́n obìnrin. Ó ń pe àbúrò mi ní bahini, àbúrò obìnrin. Kò sí ẹni tó pè wá lórúkọ jálẹ̀ ọ̀nà. Lọ́jọ́ tí a gun Mu Gompa, àbúrò mi tó máa ń sáré ní páàkì láràárọ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹhẹlẹ. Èmi ni mo gba àpò rẹ̀. N kò sọ nǹkan kan, mo kàn ń rìn lọ níwájú, mo sì dé ọ̀dọ̀ àwọn mọ́ńkì kí òun tó dé.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó pè mí, ó ní òun rí tíkẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú lọ sí Mustang, agbègbè mìíràn ní Nepal, kí á tètè rà á kó tó gbówó lórí. Mo ní kó dákẹ́ ná, kó jẹ́ kí n lọ tò.