Bí mo ṣe kúrò ní wọ́ọ̀dù eegun bọ́ sí wọ́ọ̀dù ọmọ tuntun

Nọ́ọ̀sì ni mí, owó ara mi ni mo sì fi kọ́ ìtọ́jú ọmọdé. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ló ń dùn mí jù. Ilé ìwòsàn ìjọba tí mo ti ń ṣiṣẹ́ (mi ò ní dárúkọ rẹ̀, ibẹ̀ ni owó oṣù mi ṣì ti ń wá) fún mi láyè kí n lọ kàwé, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn ò ní san owó oṣù títí n ó fi padà dé. Owó iléèwé, owó yàrá tí mo gbà nítòsí ibẹ̀, owó ìdánwò, aṣọ iṣẹ́, ìwé, àpò èmi àti ọkọ mi ni gbogbo rẹ̀ ti jáde. Owó tí mo yá ní kóòpù nítorí rẹ̀, wọ́n ṣì ń yọ ọ́ nínú owó oṣù mi. Mo yege. Àjọ tó ń ṣàkóso nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí fi orúkọ mi sínú ìwé àwọn tó kọ́ṣẹ́ ọmọdé. Mo padà síṣẹ́ tayọ̀tayọ̀, mo ń retí wọ́ọ̀dù ọmọdé tàbí ti ọmọ tuntun. Ìgbà tí wọ́n lẹ pósítìn mọ́ ara ògiri, wọ́ọ̀dù eegun ni mo ti bá orúkọ mi, ti ọkùnrin. Wọ́ọ̀dù tí mo ti gbéra lọ kàwé náà ni.

Ẹ má ṣì mí gbọ́. Mo mọ iṣẹ́ eegun, ẹ lè bi àwọn dókítà ibẹ̀ léèrè. Àwọn tí ọ̀kadà gbá, àwọn tí mọ́tò gbókìtì pẹ̀lú wọn ní ọ̀nà márosẹ̀, géńdé ọkùnrin tí wọ́n fi irin ìwọ̀n fa ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, àwa la máa ń yí wọn ní wákàtí méjì-méjì kí egbò ìdùbúlẹ̀ má bàa mú wọn. Bó bá di òru, nọ́ọ̀sì méjì ló máa ń wà pẹ̀lú nǹkan bí ọgbọ̀n aláìsàn. Ẹ̀yìn mi nìkan ló mọ ohun tó rí. Ìwé ẹ̀rí ìtọ́jú ọmọdé wà nínú fáìlì mi, kò sì sí ọmọdé kankan ní gbogbo wọ́ọ̀dù náà.

Mo lọ bá wọn ní ọ́fíìsì. Akọ̀wé ní bóyá wọn ò rí ìwé ẹ̀rí mi ni. Mo ní ẹ wò ó dáadáa, Ma. Wọ́n wò ó, wọ́n rí i, òǹtẹ̀ ọjọ́ tí wọ́n gbà á wà lára rẹ̀. Wọ́n wá ní kí n kọ lẹ́tà.

Bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà, mi ò ní fi ìyẹn jẹ yín lákòókò. Ẹ sọ wọ́ọ̀dù tí ẹ wà, ẹ sọ èyí tí ẹ ń fẹ́ àti ìdí rẹ̀, kí ẹ so ìwé ẹ̀rí àti láísẹ́ǹsì mọ́ ọn. Láísẹ́ǹsì ọdún mẹ́ta-mẹ́ta ni, ẹ wo ọjọ́ tí tiyín máa parí kí ẹ tó mú bírò, torí ìyẹn nìkan tó kí wọ́n fi dá lẹ́tà padà. Olórí gbogbo nọ́ọ̀sì, DNS, lẹ máa kọ ọ́ sí, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ lọ bá DNS tààrà. Mátírọ́ọ̀nù tó ni wọ́ọ̀dù á kọ́kọ́ kọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sí i, á lọ sọ́dọ̀ AD, ọ̀gá tó wà láàárín mátírọ́ọ̀nù àti DNS, AD náà á kọ tirẹ̀, kó tó wá dé òkè. Ẹni tó bá fo mátírọ́ọ̀nù, ọ̀dọ̀ mátírọ́ọ̀nù náà ni lẹ́tà á padà sí, mátírọ́ọ̀nù á sì ti mọ̀ pé wọ́n fo òun.

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi há sí nìyẹn, kì í sì í ṣe pé mo fo ẹnikẹ́ni.

Mátírọ́ọ̀nù wa kì í ṣe èèyàn burúkú. Nígbà tí mo bí ọmọ mi kejì, òun ló fọgbọ́n yọ mí kúrò nínú náìtì kí n lè máa fún ọmọ lọ́mú. Ó gba lẹ́tà náà lọ́wọ́ mi, ó wọ awò ojú rẹ̀, ó kà á tán, ó bọ́ awò, ó ní, “Màmá Ìfẹ́, ta lo wá fẹ́ fi mí sílẹ̀ fún?”

Mo ní, “Ẹ má bínú, Ma. Ẹ wo iye tí mo ná sórí ìwé yìí.”

Ó ní òun ò ní kí n má lọ. Lójú mi níbẹ̀ ló ti kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà pé òun fara mọ́ ọn, bí wọ́n bá ti fún òun ní nọ́ọ̀sì mìíràn dípò mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo jáde.

Gbólóhùn ẹyọ kan yẹn ló jẹ mí níyà. AD kà á, ó kọ ọ́ sí i pé kí wọ́n wá ẹni dípò. DNS kà á, ó kọ ọ́ sí i pé kí AD wá ẹni dípò. AD ní òun ò ní ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Lẹ́tà wọ inú fáìlì, fáìlì wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ jẹ́ kó yé yín pé kò sẹ́ni tó kọ̀ fún mi. Tí wọ́n bá kọ̀ fún èèyàn, èèyàn á mọ ẹni tí yóò lọ bẹ̀. Tèmi, gbogbo wọn ló gbà, kò sì sí ẹni tó ṣe nǹkan kan.

Níbo ni wọ́n tiẹ̀ ti fẹ́ rí ẹni dípò? Àwọn tí a jọ wọṣẹ́ ti wà ní Birmingham àti Texas. Ní February 2024, Àjọ tó ń ṣàkóso nọ́ọ̀sì gbé òfin jáde pé nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ ti fi ó kéré tán ọdún 2 ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tó gba láísẹ́ǹsì kí àwọn tó jẹ́rìí sí ìwé rẹ̀ fún òkè òkun. Àwọn nọ́ọ̀sì fẹ̀hónú hàn ní Àbújá àti ní Èkó. Nígbà yẹn, àwọn ọ̀gá wa rò pé òfin náà á dá ẹsẹ̀ àwọn èèyàn dúró. Àwọn tó ti lo ju ọdún méjì lọ kò wo ẹ̀yìn, wọ́n ń lọ ní tiwọn, bẹ́ẹ̀ àwọn tó mọṣẹ́ dójú àmì tí wọ́ọ̀dù nílò jù náà nìyẹn.

Wọ́n fún wa ní ẹnì kan nígbà kan. Inú mi dùn. Àṣé ọmọ ìńtáàn ni, ọmọ yunifásítì tó ń ṣe ọdún kan tirẹ̀. Mátírọ́ọ̀nù ní a kì í ka ìńtáàn mọ́ ẹni dípò, òótọ́ ló sì sọ, èèyàn ò lè fi ìńtáàn sílẹ̀ ní òun nìkan lóru. Òmíràn dé, oyún ti wà nínú rẹ̀, kò pẹ́ tó gba ìsinmi ìbímọ. Òmíràn tún dé, nọ́ọ̀sì gidi, abẹ́rẹ́ kì í bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Orí mi wú. Mo ti ń palẹ̀ dírọ́ọ̀ mi mọ́. Kó tó mọ ibi tí à ń kó gọ́ọ̀sì sí, wọ́n ti mú un lọ sí ìmájẹ́ńsì, wọ́n ní ibẹ̀ burú ju tiwa lọ. Mo ti dé ọ́fíìsì AD débi pé mẹ́sẹ́ńjà ibẹ̀ kì í béèrè ẹni tí mo wá rí mọ́, àga ló máa ń fún mi.

Àárín wàhálà yìí ni ẹgbẹ́ àwa nọ́ọ̀sì, NANNM, bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì ìkìlọ̀ ọlọ́jọ́ 7 ní July 30, 2025. Ọjọ́ náà ò pé kí wọ́n tó dá a dúró ní August 2. Lára ohun tí à ń béèrè ni pé kí wọ́n tún owó ṣíìfù ṣe, kí ìjọba sì gba nọ́ọ̀sì púpọ̀ síṣẹ́. Mo jókòó sílé, mo ń bá wọn pariwo lórí WhatsApp pé a ò pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ mo mọ̀ pé àìpọ̀ yẹn náà ni okùn tí wọ́n fi so mí mọ́ wọ́ọ̀dù eegun. Nígbà tí a wọṣẹ́ padà, lẹ́tà mi ṣì wà níbi tó wà.

Ohun tó tú mi sílẹ̀ kò sí nínú ìwé kankan tí wọ́n fún mi. Kàńtíìnì ni mo wà, èmi àti nọ́ọ̀sì kan láti wọ́ọ̀dù ọmọ tuntun jọ jókòó ti tábìlì kan náà. Ó ń ráhùn fún ẹnìkejì rẹ̀ pé ẹkún àwọn ìyá tí ọmọ wọn kú ti wọ òun lára, pé bí òun bá délé òun ò rí oorun sùn. Ó ní ó wu òun kí òun rí aláìsàn tó lè fẹnu ara rẹ̀ sọ ibi tó ń dùn ún. Mo ní, “Sista, ẹ wá sọ́dọ̀ wa. Tiwa kì í sinmi ọ̀rọ̀.” Ó rẹ́rìn-ín. Mo ní mi ò ṣeré o.

A kọ lẹ́tà tuntun, èmi kọ tèmi, òun kọ tirẹ̀, ẹnì kọ̀ọ̀kan dárúkọ ẹnìkejì, a sì fi pínnì kan ṣoṣo so méjèèjì pọ̀. Mátírọ́ọ̀nù mi ò rí ohun tó máa béèrè mọ́, ẹni dípò ti dúró níwájú rẹ̀, ó tilẹ̀ ga jù mí lọ, apá rẹ̀ á ká géńdé ọkùnrin ju tèmi lọ. Mátírọ́ọ̀nù ọmọ tuntun ní tirẹ̀ ti ń wá ẹni tó kàwé ọmọdé lójú méjèèjì. AD buwọ́ lù ú lórí ìdúró. Oṣù yẹn ò tán tí mẹ́mò fi jáde.

Ẹ lè rò pé ayọ̀ pa mí. Inú ló bí mi. Nọ́ọ̀sì ọmọdé wà ní wọ́ọ̀dù eegun, ẹni tí ọmọdé ti sú wà ní wọ́ọ̀dù ọmọ tuntun, fáìlì àwa méjèèjì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù kan náà, kò sì sẹ́ni tó so wọ́n pọ̀ àfi ìrẹsì kàńtíìnì.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ wọ́ọ̀dù, ẹ má tíì mú bírò. Ẹ kọ́kọ́ wá ẹni tó fẹ́ kúrò níbi tí ẹ ń lọ. Àwọn wọ́ọ̀dù máìdì ló mọ̀ ọ́n jù, wọ́n máa ń gbọ́ gbogbo ìráhùn, kò sì sẹ́ni tó ń bi wọ́n léèrè. Ẹ̀yìn náà ni kí ẹ sọ fún mátírọ́ọ̀nù yín lójúkojú, kó má lọ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ẹ̀dà lẹ́tà tí òǹtẹ̀ wà lára rẹ̀, ẹ má fi í sílẹ̀ ní wọ́ọ̀dù. Ẹ má sì kọ ọ́ ní December, àwọn èèyàn ń gba ìsinmi nígbà yẹn, mátírọ́ọ̀nù tó ń wá ẹni tí yóò ṣe náìtì Kérésì kò ní fẹ́ gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ. Bó bá jẹ́ kílíníìkì tí kò ní ṣíìfù lẹ ń lọ, ẹ ṣírò owó yín, torí owó ṣíìfù á bọ́ nínú rẹ̀. Èmi ò ní ìṣòro yẹn. Náìtì wà ní wọ́ọ̀dù ọmọ tuntun, ó pọ̀.

Mo sì gbọ́dọ̀ fi ìyanu ara mi hàn yín díẹ̀. Ọmọ tí wọ́n kọ́kọ́ fi lé mi lọ́wọ́ níbẹ̀, kò tó kílò kan àbọ̀, oṣù rẹ̀ ò pé. A fi ọ̀pá tín-ín-rín gba ẹnu rẹ̀ lọ sí ikùn, n ó yọ ọ̀pá ìtì kúrò nínú sírínjì, n ó da wàrà ìyá rẹ̀ sí i, n ó gbé e sókè, kó máa sàn wọlé fúnra rẹ̀, mi ò gbọdọ̀ tì í. Irú wọn máa ń gbàgbé láti mí. Ọmọ á kàn dákẹ́, ètè rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Ó ṣẹlẹ̀ lójú mi, ọwọ́ mi sì ti dé ibẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó pè mí, mo fi ìka ta àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ó gbọ̀n jìgì, ó mí. Mátírọ́ọ̀nù ibẹ̀ wò mí láti ẹsẹ̀ dé orí, ó ní, “O kàwé lóòótọ́.” Ẹ wo bí àyà mi ṣe fẹ̀. Mo sì fi abẹ́rẹ́ aláwọ̀ ìyeyè, èyí tó kéré gan-an, rí iṣan ọmọ mìíràn ní ẹ̀kan ṣoṣo lọ́jọ́ kejì, ẹ jẹ́ kí n yin ara mi.

Mo ń gbádùn èyí lọ́wọ́ ni fóònù mi dún lálẹ́ ọjọ́ kan. Mátírọ́ọ̀nù eegun ni. “Màmá Ìfẹ́, náìtì rẹ ni lónìí o.” Wọn ò yọ orúkọ mi kúrò nínú rọ́sítà. Mẹ́mò wọn ní kí n lọ “lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀”, kò dá ọjọ́. Mátírọ́ọ̀nù eegun ní lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tirẹ̀ ni ìgbà tí rọ́sítà oṣù yẹn bá parí, tí òun ti to orúkọ sí. Mátírọ́ọ̀nù ọmọ tuntun ní mo ti wà lábẹ́ òun. Àwọn méjèèjì jọ ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nípasẹ̀ mi, wọn ò pe ara wọn. Lọ́jọ́ kejì, mo tún padà lọ sí ọ́fíìsì AD, mẹ́sẹ́ńjà fún mi ní àga, mi ò jókòó. Mo ní kí wọ́n kọ mẹ́mò mìíràn kí wọ́n sì fi ọjọ́ sí i, wọ́n sì kọ ọ́. Ẹ̀dà rẹ̀ kan wà ní wọ́ọ̀dù eegun, ọ̀kan wà ní wọ́ọ̀dù ọmọ tuntun, ọ̀kan wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń san owó oṣù, èyí tó kù wà nínú báàgì mi.